Ẹyẹ Tí Ń Forí Sọ̀kalẹ̀: Ìtàn Bí Aráyé Ṣe Mọ Ọ̀nà Tí Nuthatch Ń Gbà Jẹun

Nuthatch ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀wọ́ ẹyẹ kéékèèké kan tí ń gbé inú igbó Yúróòpù, Éṣíà àti Àríwá Amẹ́ríkà, tí àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ sì kó oríṣi rẹ̀ bíi 28 jọ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Sitta. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Yúróòpù kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14 lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí eérú tí a da aró díẹ̀ sí, ikùn rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ilà dúdú kan sì ti ìdí àgógó ẹnu rẹ̀ gba ojú kọjá lọ sí ọrùn. Ìrìn rẹ̀ lára igi ni ó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹyẹ yòókù. Ẹyẹ akókó, tí àwọn ará oko nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ dáadáa, a máa fi ìrù ti ara igi bí ó bá ń gùn ún, ìdí nìyí tí orí rẹ̀ fi sábà máa ń kọ sókè. Ṣùgbọ́n nuthatch kì í fi ìrù ti ohunkóhun, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀ lé, a fi ọ̀kan kọ́ èèpo igi lókè, a fi ìkejì ti ara rẹ̀ nísàlẹ̀, a sì máa forí sọ̀kalẹ̀ lára ìtì igi bí ọmọńlé ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lára ògiri. Àwọn onímọ̀ gbà pé ìrìn yìí ń jẹ́ kí ó rí kòkòrò àti èso tó há sínú pàlàpálá èèpo igi, èyí tí àwọn ẹyẹ tó ń gun igi lọ sókè ti fojú fò.

Orúkọ tí àwọn aráàlú fún ẹyẹ yìí láyé àtijọ́ fi hàn pé wọ́n ti kíyè sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà wá láti inú ọ̀rọ̀ méjì àtijọ́ tó túmọ̀ sí ẹni tí ń gé èso eléèpo líle, nítorí pé ẹyẹ náà a máa fi èso sínú ihò igi, a sì máa fi ẹnu ṣá a títí tí yóò fi là. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn ń pè é ní Kleiber, orúkọ tí wọ́n ń pe oníṣẹ́ tí ń fi amọ̀ rẹ́ ògiri ilé onígi nígbà kan rí, nítorí pé ẹyẹ náà a máa fi amọ̀ rẹ́ ẹnu ihò igi tó fẹ́ yé ẹyin sí, títí tí ẹnu ihò náà yóò fi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ tó bá tóbi jù ú lọ kò ní lè wọlé. Orúkọ kan sọ nípa oúnjẹ, èkejì sọ nípa ilé, kò sì sí èyí tó ṣì í sọ nínú méjèèjì.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kò tètè tẹ̀lé ipa ọ̀nà tí àwọn aráàlú là yìí. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Swídìn tó fún ohun abẹ̀mí ayé ní orúkọ alápá méjì, fi orúkọ náà Sitta europaea sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1758, ó sì yá apá àkọ́kọ́ lò láti inú èdè Gíríìkì, níbi tí Aristotle ti dárúkọ ẹyẹ kan tí ń ṣá ara igi. Láti ìgbà náà títí dé ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òkú ẹyẹ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ onímọ̀ fi ń ṣiṣẹ́: wọn a yìn ín níbọn, wọn a bó awọ rẹ̀, wọn a ki òwú sí i nínú, wọn a wọn ìyẹ́ rẹ̀, wọn a sì tò ó sínú àpótí. Ọ̀nà yìí ṣe iṣẹ́ ńlá fún ìmọ̀ nípa ìrísí ẹyẹ àti ibi tó ń gbé, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹyẹ ṣe ń jẹun kì í ṣe ohun tí a lè rí lára òkú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ tó sì dúró dè é ni ẹyẹ fi ìyẹn hàn.

Ọ̀kan lára àwọn tí ìwé wọn fi èyí hàn kedere ni Gilbert White, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan tí wọ́n bí lọ́dún 1720, tó sì lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ní abúlé Selborne ní àgbègbè Hampshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé rẹ̀ lórí ohun abẹ̀mí abúlé náà, tí ọdún 1789 wà lójú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀, jẹ́ àkójọ lẹ́tà tó kọ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Nínú ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, White ṣe àfiwé ẹ̀dá mẹ́ta tí ń jẹ èso igi hazel, èso roboto kan tí èèpo rẹ̀ le bí ti èkùrọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ a kọ́kọ́ fi eyín ha ṣóńṣó èso náà, lẹ́yìn náà ni yóò là á sí méjì gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń fi ọ̀bẹ là á. Eku oko a fi eyín lu ihò tó rí roboto, tó gún régé bí ẹni pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó fi irinṣẹ́ lù ú. Ihò tí nuthatch ń lù ní tirẹ̀ a máa rí jágajàga. White sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ẹyẹ náà kò ní ọwọ́ tí yóò fi di èso mú, nítorí náà ó ní láti kọ́kọ́ há a mọ́ àárín igi tàbí òkúta kí ó má baà yí, kí ó tó dúró lé e lórí láti máa fi ẹnu gún un. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ti òkúta láti pa èkùrọ́ mọ ohun tí White ń sọ, nítorí pé ojú òkúta tó bá tẹ́jú pẹrẹsẹ kì í gba èkùrọ́ dúró, àfi kí a wá ibi tó jin kòtò díẹ̀ kí a tó sọ ọmọ ọlọ lé e.

White kò fi mọ sórí wíwo èèpo tó ṣẹ́ kù. Òun àti àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ a máa mú èso hazel, wọn a fi há ojú ibi tó ti sán lára òpó ẹnu ọ̀nà oko kan tí wọ́n mọ̀ pé nuthatch máa ń wá, wọn a sì padà wá wò ó. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bá a pé àwọn ẹyẹ náà ti lu èso ọ̀hún. Ó tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìró ẹnu wọn bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ a máa dé ọ̀nà jíjìn. Bí a bá wo òpó ẹnu ọ̀nà yẹn dáadáa, a ó rí i pé gbogbo ohun tí ń bẹ nínú àṣà fífún ẹyẹ lóúnjẹ láti ṣọ́ ọ ti wà níbẹ̀: oúnjẹ tí ẹyẹ fẹ́, ibi tó bá ìṣe rẹ̀ mu, àti ẹni tó ní sùúrù láti padà wá wò.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín White àti Alexander Wilson ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí túbọ̀ yéni. Wilson, ahunṣọ ará ìlú Paisley ní Skọ́tlándì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ni ó kọ ìwé ńlá àkọ́kọ́ lórí àwọn ẹyẹ orílẹ̀-èdè náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dún 1808. Ó rin igbó púpọ̀, ó mọ nuthatch aláyà funfun ti Amẹ́ríkà dunjú, síbẹ̀ ó kọ ọ́ pé òun kò tíì rí i rí kí ó máa fọ́ èso eléèpo, àti pé bí ó bá tilẹ̀ ń fọ́ ọ, ó ní láti jẹ́ pé ìdin inú èso náà ni ó ń wá, kì í ṣe ọmọ inú rẹ̀. Olóòótọ́ ni Wilson, nítorí pé ó jẹ́wọ́ pé ojú òun kò tó o; ṣùgbọ́n òótọ́ rẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ àṣìṣe. Ẹni tó ń rin igbó kọjá, tí ìbọn wà léjìká rẹ̀, yóò rí ẹyẹ ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ẹyẹ á fò lọ tàbí kí ó kú, nígbà tí ọmọ inú èso tó fi há igi kò ní ṣẹ́ kù síbẹ̀ láti jẹ́rìí.

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìwé White ni gbígbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ẹyẹ tó kúrò ní ìṣe ẹnìkọ̀ọ̀kan tó di àṣà ìlú, ìgbà òtútù ni ó sì sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ àríwá, yìnyín a máa bo ilẹ̀, omi a máa dì, kòkòrò a sì wọ́n, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ kékeré tí kò bá rí oúnjẹ jẹ lójúmọ́ lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà òtútù líle ọdún 1890 sí 1891, àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ àwọn aráàlú pé kí wọ́n máa da oúnjẹ síta fún ẹyẹ, àwọn ènìyàn sì gbọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1910, ìwé ìròyìn Punch ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí ó yàtọ̀ sí Punch ti Nàìjíríà, ti kà á mọ́ ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi ń najú. Ẹgbẹ́ tí Emily Williamson dá sílẹ̀ lọ́dún 1889 ní àgbègbè Manchester, láti fi tako pípa ẹyẹ nítorí ìyẹ́ tí àwọn obìnrin ń fi sí fìlà, ni ó dàgbà di ẹgbẹ́ ìdáàbòbò ẹyẹ tó lókìkí jù ní ilẹ̀ náà.

Àánú nìkan kọ́ ni ó gbé àṣà yìí dìde. Ní Jámánì, Hans von Berlepsch, ìjòyè kan tó ni ilé olódi Seebach ní ẹkùn Thuringia, gbà pé ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni ẹyẹ, nítorí pé ó ń jẹ kòkòrò tí ń ba igi jẹ́, ó sì gbé ìwé rẹ̀ lórí ìdáàbòbò ẹyẹ jáde lọ́dún 1899. Ó ṣe ilé onígi fún ẹyẹ, tí inú rẹ̀ rí bí ihò tí ẹyẹ akókó gbẹ́, àwọn nuthatch sì ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi amọ̀ rẹ́ ẹnu rẹ̀ bí ìṣe wọn. Ó tún dá ohun tó pè ní igi oúnjẹ sílẹ̀: wọn a yọ́ ọ̀rá ẹran lórí iná, wọn a po irúgbìn, ẹran gbígbẹ àti èérún búrẹ́dì mọ́ ọn, wọn a sì dà á sórí ẹ̀ka igi tó ṣì ní ewé nígbà òtútù, kí ó lè dì síbẹ̀ fún àwọn ẹyẹ láti máa ṣá jẹ. Edward Howe Forbush ṣe ohun tó jọ èyí ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń so ọ̀rá àti egungun mọ́ igi inú ọgbà eléso nígbà òtútù kí àwọn ẹyẹ lè máa wá síbẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣa ẹyin kòkòrò jẹ lára igi náà. Ó kọ nípa ìwúlò àwọn ẹyẹ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1907. Ọ̀rá tí wọ́n so mọ́ igi yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn nuthatch, nítorí pé ara igi ni oúnjẹ náà wà, nuthatch sì lè forí sọ̀kalẹ̀ wá jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹun nínú igbó.

Láàárín ìgbà yìí kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbọn jù sílẹ̀. Florence Merriam, ọmọbìnrin ará New York, tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1889 tó kọ́ àwọn aráàlú láti fi awò kékeré tí wọ́n ń mú lọ sí ilé eré wo ẹyẹ láàyè, nígbà tó sì di ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1900, Frank Chapman ti ilé àkójọ ohun abẹ̀mí ìlú New York rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n ka ẹyẹ lọ́jọ́ náà dípò ìdíje ọdẹ tí wọ́n fi ń pa wọ́n. Ènìyàn 27 péré ni ó jáde ní ibi 25. Ẹyẹ kíkà ọdọọdún yìí kò tíì dáwọ́ dúró títí di òní.

Ogun Àgbáyé Kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àṣà náà run nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé oúnjẹ wọ́n, òfin sì de ẹni tó bá ju oúnjẹ tí ènìyàn lè jẹ fún ẹyẹ. Lẹ́yìn ogun, títà oúnjẹ ẹyẹ di òwò ńlá. Ẹ̀pà tí a kò fi iyọ̀ sí, tí wọ́n dà sínú àwọ̀n onírin, di ohun tí a ń rí ní ẹ̀yìnkùlé káàkiri, bẹ́ẹ̀ náà sì ni irúgbìn sunflower, òdòdó ńlá tí ojú rẹ̀ yẹ́lò. Ní Amẹ́ríkà, Peter Kilham ará Rhode Island gbé kòlòbó gígùn oníke jáde lọ́dún 1969, tí ó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹyẹ láti máa fa irúgbìn yọ. Láti ojú fèrèsé, láìjáde sínú òtútù, ẹnikẹ́ni lè wá rí ohun tí Wilson kò rí.

Ohun tí wọ́n rí nìyí. Nuthatch a fò wá, a dúró síbi tí wọ́n gbé oúnjẹ sí pẹ̀lú orí rẹ̀ nísàlẹ̀, a mú irúgbìn kan, nígbà mìíràn a ju ọ̀kan sílẹ̀ kí ó tó mú òmíràn, a sì fò lọ sára igi tí kò jìnnà. Níbẹ̀ ni yóò ti máa ti ẹnu bọ ojú èèpo igi kan dé òmíràn, títí yóò fi rí ibi tó gba irúgbìn náà ṣinṣin. Bí ebi bá ń pa á, a gbá a títí èèpo rẹ̀ yóò fi là. Bí kò bá jẹ́ ebi, a fi ẹnu kì í wọlé pátápátá, a ṣẹ́ èérún èèpo igi tàbí kí ó já nǹkan tútù bí irun tí ń hù lára igi, a fi bo ojú ibẹ̀, a sì padà wá mú òmíràn. Kì í kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́ síbì kan bí ẹni tí ń kó àgbàdo sínú àká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi wọ́n pamọ́ káàkiri ilẹ̀ rẹ̀, èyí tí akọ àti abo rẹ̀ jọ ń ṣọ́ láti ọdún dé ọdún. Èyí ni ó sọ èrò àwọn tó ń ṣọ́ ẹyẹ dọ̀tun: ẹyẹ tí wọ́n rò pé ó ń jẹ àjẹkì nídìí oúnjẹ wọn ń tọ́jú ohun tí yóò jẹ nígbà tí yìnyín bá bo ohun gbogbo. Hans Löhrl ní Jámánì àti Erik Matthysen ní Bẹ́ljíọ̀mù wà lára àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀lé ìgbésí ayé ẹyẹ yìí, ìwé Löhrl sì jáde lọ́dún 1967, ti Matthysen lọ́dún 1998.

Nígbà tí àwọn tó ń wo ẹyẹ láti ojú fèrèsé ti di ọ̀pọ̀, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ nígbà òtútù ọdún 1970 sí 1971, wọ́n sì tún fi ẹyẹ kíkà tí àwọn ọmọdé ń bá wọn ṣe kún un lọ́dún 1979. Ẹkùn Ontario ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 1976, ilé ẹ̀kọ́ gíga Cornell ní Amẹ́ríkà sì dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́dún 1987 láti sọ ọ́ di ti gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà. Àkọsílẹ̀ wọ̀nyí fi hàn bí nuthatch aláyà pupa ṣe ń ya wá síhà gúúsù lọ́pọ̀ yanturu ní àwọn ọdún tí èso igi páìnì àti àwọn ìbátan rẹ̀ kò bá so dáadáa ní igbó Kánádà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nuthatch ń ṣí lọ síhà àríwá díẹ̀díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé lọ́dún 1989 ni wọ́n kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó yé ẹyin, ó sì pa á ní Skọ́tlándì.

Bí ó ti wù kí ibi tí wọ́n ń gbé oúnjẹ sí níyì tó, ó ní ohun tí kò lè fi hàn. Inú igbó páìnì ti Louisiana ni Douglass Morse wà nígbà tó rí nuthatch kan tí orí rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀ tó fi ẹnu mú èérún èèpo igi kan, tó sì ń fi í ṣí èèpo mìíràn lára igi láti wá kòkòrò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1968, ó di ọ̀kan lára ẹ̀rí tó lágbára pé ẹyẹ náà ń lo irinṣẹ́. Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú nuthatch ti ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí ẹyẹ yìí ní gúúsù aginjù Sàhárà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn nìkan ni ó wà. Síbẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1975, Jean-Pierre Ledant, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, rí oríṣi kan tí ìwé kankan kò tíì dárúkọ lórí òkè Babor ní Àlgéríà, èyí tí wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ sọ ní Sitta ledanti. Kò sí oúnjẹ tí a lè gbé kalẹ̀ tó lè pe irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ wá sí ojú fèrèsé; ènìyàn ni ó ní láti gun òkè lọ bá a.

Ibi tí wọ́n ń gbé oúnjẹ sí náà ti mú ìṣòro tirẹ̀ wá. Ẹ̀pà tó bá bu a máa ní májèlé kan tí ń pa ẹyẹ, èyí tí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ẹ̀pà nílẹ̀ Nàìjíríà náà ń bá jà, ìdí sì nìyí tí àwọn olóòótọ́ nínú àwọn tó ń ta oúnjẹ ẹyẹ fi ń yẹ ẹ̀pà wọn wò kí wọ́n tó tà á. Àìsàn a sì máa ràn níbi tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ bá ti ń jẹun pọ̀, nítorí náà fífọ ohun tí a fi ń gbé oúnjẹ fún wọn ti di apá kan nínú àṣà náà.

Láìpẹ́ yìí, ìwádìí ti kúrò lórí ohun tí nuthatch ń jẹ, ó ti bọ́ sórí ohun tó ń gbọ́ nígbà tó bá ń jẹun. Nígbà òtútù, nuthatch aláyà pupa a máa bá ẹyẹ kékeré mìíràn tí wọ́n ń pè ní chickadee rìn pọ̀, wọn a sì jọ máa wá sídìí oúnjẹ kan náà. Lọ́dún 2007, Christopher Templeton àti Erick Greene fi hàn pé nuthatch gbọ́ èdè ìkìlọ̀ chickadee dé ibi pé ó mọ ìyàtọ̀ láàárín igbe tó ń sọ pé òwìwí kékeré tó yára, tó léwu gan-an fún ẹyẹ kéékèèké, wà nítòsí, àti èyí tó ń sọ pé òwìwí ńlá, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu fún wọn, ni. Lọ́dún 2020, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Nora Carlson tún tẹ ìwádìí mìíràn jáde. Bí nuthatch bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn òwìwí, igbe tirẹ̀ a máa sọ bí ewu náà ṣe tó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ láti ẹnu chickadee ni ó ti gbọ́, ì báà jẹ́ igbe ewu ńlá, ì báà jẹ́ ti kékeré, igbe kan náà tó wà láàárín méjèèjì ni yóò ké, kò sì ní sọ pé ewu náà pọ̀ tàbí pé ó kéré títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n.